Àlá Gbé E Lọ, Àlá Kò Gbé E Bọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbésí Ayé Ibn Battuta

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní, tí ó sì la ọ̀nà sí orí rẹ̀ kí àwọn ẹrú Rẹ̀ lè rìn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, ẹni tí òun pàápàá fi ìlú ìbí rẹ̀ sílẹ̀ ní Mákà, tí ó ṣe hijira lọ sí Mẹdínà ní ọdún 622.

 

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ ní ìgbà yìí dá lórí ọkùnrin kan tí ó lo nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò láàárín Yorùbá, Ọlábísí Àjàlá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu wa, ẹni tí ó gun Fẹ́sípà káàkiri ayé, tí ó kọ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1963, tí ó sì kú ní Èkó ní ọdún 1999. Orúkọ Àjàlá kò lè parẹ́. Ṣùgbọ́n ó ju 600 ọdún lọ kí Àjàlá tó gun Fẹ́sípà tí ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan ti fi ẹsẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ràkúnmí àti ọkọ̀ ojú omi rin ilẹ̀ tí ó ju 100,000 kìlómítà lọ. Ibn Battuta ni orúkọ rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà? Ó kàn wá nítorí pé arìnrìn-àjò ni àwa náà. Púpọ̀ nínú àwa àgbà ni a kò bí sí Ugbolokposo. Ìwó, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ìsẹ́yìn, Ẹdẹ, ibẹ̀ ni a ti di ẹrù wá. Olúkúlùkù wa ni ó ní ohun tí ọkàn rẹ̀ rí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbéra. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ ìtàn ẹni tí ó tẹ̀lé àlá rẹ̀ dé òpin ayé, ó yẹ kí a tún bèèrè ohun tí ó bá nílé nígbà tí ó padà.

Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN TÍ Ó DÁ RÌN

Ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò, ní etí òkun, ni wọ́n ti bí i ní oṣù kejì ọdún 1304. Abu Abdullah Muhammad ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé àwọn alùkáálì ni ó ti wá, èyí ni pé iṣẹ́ dídá ẹjọ́ ní ìlànà Ṣàríà ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Òun náà ké kéwú, ó sì mọ òfin ẹ̀sìn ní ìlànà Imam Malik, irú èyí tí àwọn àfáà wa ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ọjọ́ Alàmísì kan ní oṣù kẹfà ọdún 1325, tí í ṣe oṣù Rajab ọdún 725 lẹ́yìn hijira, ó dìde láti lọ ṣe Hájì kí ó sì ṣe àbẹ̀wò sí ibojì Ànọ́bì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Kò ní ẹlẹgbẹ́, kò sì sí ọ̀wọ́ oníràkúnmí tí ó dara pọ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ wà láyé, ìyá rẹ̀ wà láyé. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìpínyà náà dun òun, ó sì dun àwọn òbí òun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, a óò padà sí i.

Kò tíì rìn jìnnà tí ibà fi dá a dúbúlẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Wọ́n gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó dúró kí ara rẹ̀ yá. Ó kọ̀. Ó ní bí ikú bá tilẹ̀ wà nínú kádàrá òun, kí ó bá òun lójú ọ̀nà Mákà. Nígbà tí kò lè jókòó dáadáa mọ́ lórí ẹran tí ó ń gùn, aṣọ láwàní rẹ̀ ni ó fi so ara rẹ̀ mọ́ gàárì kí ó má baà ṣubú.

Báyìí ni ó dé ìlú Tunis. Àwọn ará ìlú jáde wá pàdé àwọn èrò tí ó bá wọn wọlé. Olúkúlùkù ń kí ẹni rẹ̀, wọ́n ń dì mọ́ra, wọ́n ń bèèrè ará ilé. Kò sí ẹnì kan tí ó kí Ibn Battuta, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tí kò sunkún nígbà ibà bú sẹ́kún ní gbangba. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń lọ sí Hájì ṣàkíyèsí rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó kí i, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú títí tí wọ́n fi wọ ìlú. Ẹ̀yin ará, ta ni nínú wa tí kò mọ ẹkún yìí? Ta ni kò rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Effurun pẹ̀lú àpò kan, tí gbogbo ènìyàn ń sọ èdè tí kò gbọ́?

ÀLÁ TÍ Ó LÁ

Ní ọdún 1326 ó dé ìlú Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì. Àfáà àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Burhan al-Din, ẹni Ọlọ́hun ni, ẹsẹ̀ kan sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní òun rí i pé ó fẹ́ràn ìrìn-àjò. Ó ní kí ó bá òun kí arákùnrin òun kan ní Íńdíà, òmíràn ní ilẹ̀ Sindh, àti òmíràn ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹnu ya Ibn Battuta, nítorí títí di ìgbà náà, Mákà nìkan ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ó lọ kí àfáà mìíràn, Abu Abdullah al-Murshidi, tí ó ń gbé ní ẹ̀bá ìlú Fuwwa. Ooru mú púpọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, àfáà sì ní kí ó lọ sùn sórí òrùlé. Ibẹ̀ ni ó ti lá àlá. Ó rí ara rẹ̀ lórí ìyẹ́ ẹyẹ ńlá kan. Ẹyẹ náà gbé e fò lọ sí ìhà Kíbílà, ó gba ọ̀nà Yemen, ó yà sí ìlà-oòrùn, ó yà sí gúúsù, ó wá fò lọ jìnnà réré sí ìlà-oòrùn, ó bà sí ilẹ̀ kan tí ó dúdú tí ó sì tutù yọ̀yọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àfáà al-Murshidi túmọ̀ àlá náà fún un. Ó ní yóò ṣe Hájì, yóò ṣe àbẹ̀wò sí ibojì Ànọ́bì, yóò rin ilẹ̀ Yemen, Ìráàkì, ilẹ̀ àwọn Tọ́kì àti Íńdíà. Ó ní yóò pẹ́ ní Íńdíà, yóò sì pàdé ọkùnrin kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Dilshad, ẹni tí yóò yọ ọ́ nínú ìṣòro.

Kí á dúró níhìn-ín díẹ̀, kí á sọ ìdájọ́ ẹ̀sìn lórí àlá. Ànọ́bì wa kọ́ wa pé oríṣi mẹ́ta ni àlá: èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun wá tí í ṣe ìró ìdùnnú, èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ Ṣàítánì wá láti ba ènìyàn nínú jẹ́, àti èyí tí ó jẹ́ èrò ọkàn ẹni tí ó sùn. Àlá kì í sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́, kì í sì í sọ ọ̀ranyàn di ohun tí a lè fi sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àlá ni ó mú Ibn Battuta kúrò nílé. Hájì ni ó mú un kúrò, àlá wá bá a lójú ọ̀nà. Kò sì dá a túmọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àfáà ni ó gbé e lọ. Ẹni tí ó bá lá àlá owó ní òru, tí ó sì ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní òwúrọ̀, kò tíì tẹ̀lé ọ̀nà tí ọkùnrin yìí tọ̀.

ÀLÁ NÁÀ ṢẸ

Ó ṣe Hájì àkọ́kọ́ ní ọdún 1326. Láti ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti dúró mọ́. Ó rin Ìráàkì àti Ìráànì. Ní nǹkan bí ọdún 1331 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, ó dé Mogadishu àti Kilwa. Ó rin ilẹ̀ Tọ́kì. Ó ní òfin kan tí ó ṣe fún ara rẹ̀, pé bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, òun kò ní gba ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1333 ó dé etí odò Indus. Ọba Muhammad ibn Tughluq ti Delhi fi í jẹ alùkáálì, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún bí àfáà ti sọ. Nígbà tí ọba rán an níṣẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọba Ṣáínà, àwọn ọlọ́ṣà kọlu wọn lójú ọ̀nà. Ó sọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nù, wọ́n gba gbogbo ohun tí ó ní, ó sì ń rìn kiri nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìrí oúnjẹ gidi jẹ. Níkẹyìn, ọkùnrin dúdú kan tí ó gbé ìkòkò omi lọ́wọ́ kí i ní sálámà, ó fún un ní omi àti oúnjẹ, ó sì gbé e pọ̀n sí ẹ̀yìn. Ibn Battuta sùn lọ lẹ́yìn ọkùnrin náà. Nígbà tí ó jí, ó bá ara rẹ̀ ní abúlé kan, kò sì rí ẹni tí ó gbé e mọ́. Ó rántí orúkọ tí ọkùnrin náà dá fún un: ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ọlọ́kàn Ayọ̀. Ìtumọ̀ Dilshad gan-an nìyẹn ní èdè Páṣíà. Ó ju ọdún mẹ́rìnlá lọ tí wọ́n ti sọ ọ́ fún un lórí òrùlé ní Íjíbítì.

Ìdánwò kò tán síbẹ̀. Ní Calicut, ó dúró ní èbúté kí ó lè kí ìrun Jímọ́ọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀. Ìjì jà, ọkọ̀ tí ó gbé ẹ̀bùn ọba fọ́ yángá, ènìyàn púpọ̀ sì bá a lọ. Ìrun Jímọ́ọ̀ ni Ọlọ́hun fi dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Lẹ́yìn èyí ó ṣe alùkáálì ní erékùṣù Maldives, ó sì sọ pé òun dé Ṣáínà. Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n ń ṣiyèméjì nípa díẹ̀ nínú àwọn ibi tí ó ní òun dé, nítorí pé láti inú iyè rẹ̀ ni ó ti sọ púpọ̀ nínú ìtàn náà lẹ́yìn tí ó darúgbó díẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò rìn.

OHUN TÍ ÀLÁ KÒ FI HÀN

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹyẹ inú àlá náà. Ó gbé e lọ sí ibi jíjìn, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àlá náà parí síbẹ̀ ni. Kò fi ọ̀nà àbọ̀ hàn án.

Ní ọdún 1326, nígbà tí ó ń kúrò ní Damascus, ó fi ìyàwó kan sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú oyún. Nígbà tí ó wà ní Íńdíà ni ó gbọ́ pé ó bí ọkùnrin. Ó fi 40 owó wúrà ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó náà. Ọdún 1348 ni ó tó padà dé Damascus, lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ bèèrè ni ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ náà ti kú láti ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ó gbọ́ pé àfáà kan láti Tangier ń gbé ní ìlú náà, ó sáré lọ bá a, ó bèèrè bàbá àti ìyá rẹ̀. Àfáà náà dáhùn pé bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé.

Ẹ̀yin ará, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ó jẹ alùkáálì ní Delhi, ó wọ aṣọ ọlá, ó bá ọba jẹun, láìmọ̀ pé òun ti di ọmọ òrukàn.

Ọdún náà gan-an ni àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ń jà ní ayé. Ní Damascus, ọ̀pọ̀ òkú ni wọ́n ń sin lójoojúmọ́. Ibn Battuta tún lọ sí Mákà kí ó tó kọjú sí ilé, bẹ́ẹ̀ Hájì tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀ láti ọdún 1326. Nígbà tí ó dé ìlú Taza ní Mòrókò ní ọdún 1349, tí ó kù díẹ̀ kí ó wọlé, wọ́n sọ fún un pé àrùn náà ti pa ìyá rẹ̀. Ibojì ni ó lọ kí ní Tangier. A kò dá a lẹ́jọ́, nítorí Ọlọ́hun ni adájọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè ka ibẹ̀ kí omi má bọ́ lójú wa.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá dé egungun nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọdún 1999, àwa tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ọjọ́ orí kan náà tí Ibn Battuta fi kúrò nílé. A ti wà ní Warri, a ń kọ́ bí a ti ń tajà. Fóònù alágbèéká GSM kò tíì dé Nàìjíríà. Ọdún 2001 ni ó dé. Bàbá wa jáde láyé ní ilé. Awakọ̀ èrò ni wọ́n fi ìwé rán. Nígbà tí ìwé náà yóò fi tẹ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán. Láwàní tí a rà fún un pé kí ó wé kí ìrun Iléyá ṣì wà nínú ọ̀rá ní ìsọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí a ti ń sọ pé a óò fi rán ẹni tí ó bá ń lọ sílé.

Alùkùránì ti kọ́ wa ní irú èyí nínú Súrà Yusuf. Àlá Ànọ́bì Yusuf fi ìràwọ̀ mọ́kànlá, oòrùn àti òṣùpá hàn án. Kò fi kànga hàn án, kò fi oko ẹrú hàn án, kò sì fi ẹ̀wọ̀n hàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́hun gbé e dé ipò ní Íjíbítì, kí ni ó ṣe? Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó gbogbo ará ilé òun wá. Bẹ́ẹ̀ ni òun àti bàbá rẹ̀ ṣe fojú kan ara wọn kí ikú tó dé.

Ó DÉ ILẸ̀ ÀWA ALÁWỌ̀ DÚDÚ

Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó lọ sí ilẹ̀ Sípéènì tí ó wà lábẹ́ àwọn Mùsùlùmí, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìhà tiwa. Ní oṣù kejì ọdún 1352 ó gbéra láti Sijilmasa, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá pẹ̀lú àwọn oníṣòwò. Ó sùn ní Taghaza, ìlú tí wọ́n fi òkúta iyọ̀ kọ́ ilé àti mọ́sáláásí rẹ̀, tí wọ́n fi awọ ràkúnmí ṣe òrùlé. Ó dé Walata, ó sì dé ọ̀dọ̀ Mansa Sulayman, ọba Mali.

Ìgbéraga díẹ̀ bá a níhìn-ín. Ní Walata wọ́n fi ọkà tí wọ́n po oyin àti wàrà mọ́ ṣe é lálejò, ó fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní ààfin Mali wọ́n pè é pé ẹ̀bùn ọba dé, ó dìde, ó rò pé ẹ̀wù àti owó ni. Búrẹ́dì mẹ́ta ni ó bá, pẹ̀lú ẹran màlúù tí wọ́n fi òrí dín àti igbá wàrà kíkan. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó sunkún ní Tunis nítorí pé wọn kò kí i ni ó wá ń fi oúnjẹ onílé rẹ́rìn-ín ní Mali. Bí ọmọ aráyé ti rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ nípa wọn. Ó ní wọn kò fẹ́ràn ìwà àbòsí, ààbò wà lójú ọ̀nà, arìnrìn-àjò kì í bẹ̀rù olè. Ó ní bí àlejò bá kú sí ilẹ̀ wọn, bí ohun ìní rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán ni wọn yóò fi ṣọ́ ọ títí ajogún rẹ̀ yóò fi dé. Ó ní wọ́n ń tètè lọ sí ìrun Jímọ́ọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, àti pé ọ̀rọ̀ híhá Alùkùránì kì í ṣe eré lọ́wọ́ wọn. Ó wọ ilé alùkáálì kan ní ọjọ́ ọdún, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n ní a kò ní tú wọn sílẹ̀ títí wọn yóò fi há Alùkùránì sórí. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú lónìí kò gbọdọ̀ de ọmọ mọ́lẹ̀. Ìtara àwọn òbí náà ni kí a mú, kí a fi irin wọn sílẹ̀.

Nígbà tí ó ń padà, ó wọ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo, ó fi lọ sí Gao lórí Odò Ọya. Ó rò pé odò Náílì ni, ó ní ilẹ̀ Íjíbítì ni ó ń ṣàn lọ. Kò mọ̀ pé odò náà yóò yí padà sí gúúsù, yóò kọjá ní Nupe, yóò kọjá ní Lọ́kọ́ja, yóò sì pín sí ẹ̀ka púpọ̀ kí ó tó wọ òkun. Ọdún 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John tó bá a dé òkun. Forcados, tí ó wọ òkun ní ìpínlẹ̀ Delta wa yìí, ọ̀kan nínú ẹ̀ka rẹ̀ ni. Ẹ wò ó, ilẹ̀ tí a ń gbé yìí ni omi tí ó tu ọkọ̀ lórí rẹ̀ ń ṣàn bọ̀, òun kò sì mọ̀.

Nígbà tí ó délé, ọba Abu Inan ti Mòrókò pàṣẹ pé kí ó sọ ìtàn rẹ̀, kí akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ibn Juzayy sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1355. Rihla ni a ń pe ìwé náà. Ibn Battuta tún ṣe alùkáálì ní ilẹ̀ rẹ̀, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 1368. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa Mali ní ìgbà náà, inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀kọ́ kìíní: Àníyàn ni kí ó ṣíwájú. Ọ̀ranyàn ni ó mú un kúrò nílé, àlá tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ rán ọmọ lọ sí àjò, kí ó bèèrè ohun tí ọmọ náà ń wá lọ́hùn-ún.

Ẹ̀kọ́ kejì: Ìmọ̀ ni ẹrù tí olè kò lè gbà. Ìgbà tí àwọn ọlọ́ṣà gba gbogbo ohun ìní rẹ̀, wọn kò lè gba òfin Imam Malik tí ó wà lórí rẹ̀. Òun ni ó fi jẹun ní Delhi àti ní Maldives. Kí ọmọ wa kọ́ṣẹ́, kí ó sì kéwú.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Ẹ kí àlejò. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kí i ní Tunis, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí di ọgbọ̀n ọdún. Kí ẹgbẹ́ wa má ṣe jẹ́ kí ọmọ Yorùbá titun lo ọ̀sẹ̀ kan ní Ugbolokposo kí ẹnì kan má tíì kàn ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín onílé. Kí a kọ́ èdè wọn, kí a mọ bí a ti ń fi “Migwo” kí àgbà Urhobo, kí a má sì fi ọbẹ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó fún wa ní ilẹ̀ ti fún wa ní ohun tí ó ju ẹ̀wù lọ.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: Ohun ìní ẹni tí ó kú sí àjò. Bí àwọn ará Mali ti ṣe é ní 1352 ni ó yẹ kí àwa náà ṣe é. Kí olúkúlùkù wa kọ ìwé wàsíyà sílẹ̀: ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó, ẹni tí ó jẹ lówó, orúkọ àwọn ajogún rẹ̀ àti ibi tí wọ́n wà nílé. Kí ó fi í sí ọwọ́ ẹni méjì tí ó ní àmáná.

Ẹ̀kọ́ kẹfà, òun sì ni olórí gbogbo rẹ̀: Àlá a máa fi ibi tí a ń lọ hàn, àwa fúnra wa ni a óò wá ọ̀nà ilé. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọ́n tún ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ibn Battuta ní àwáwí, nítorí ìwé láti Tangier sí Delhi lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lójú ọ̀nà, ó sì lè má dé rárá. Àwa tí fóònù wà nínú àpò wa, àwáwí wo ni a ní? Ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní Effurun ní òwúrọ̀ yóò dé ilẹ̀ Yorùbá kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó tí a ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n 40 owó wúrà Ibn Battuta kò jẹ́ kí ó mọ ojú ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó wà nílé kò bèèrè owó nìkan. Ohùn wa ni wọ́n fẹ́ gbọ́, ojú wa ni wọ́n fẹ́ rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÀSÁLÁTÙ

1. Oríṣi àlá mélòó ni Ànọ́bì wa kọ́ wa, báwo ni a sì ṣe lè yẹ àlá wò kí a tó tẹ̀lé e?
2. Kí ni Ànọ́bì Yusuf ṣe tí Ibn Battuta kò rí ṣe?
3. Ta ni nínú wa tí ó ti kọ wàsíyà rẹ̀ sílẹ̀?
4. Ìgbà wo ni o bá òbí rẹ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Bí wọ́n bá ti kú, ìgbà wo ni o ṣe àdúà fún wọn kẹ́yìn, tí o sì kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí ó kù láyé?

Kí Ọlọ́hun foríji Ibn Battuta àti gbogbo òbí wa tí ó ti ṣáájú. Kí Ó jẹ́ kí àwa tí a wà ní àjò jẹ èrè àjò, kí Ó má sì jẹ́ kí a fi òkúta ibojì ṣe ẹni tí a óò kí nígbà tí a bá délé. Àmín.